Àwọn Ọmọ Páálí Tí Kò Ní Ìdodo

Nígbà tí obìnrin onígíláàsì ojú jáde láti yàrá ẹ̀yìn, ọkùnrin kan ló bá tó nà gbalaja sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, apá rẹ̀ kan ti wọ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù dé èjìká. Oòrùn àárọ̀ ń gba ojú fèrèsé wọlé, ó ń tàn sórí bàtà rẹ̀ tó ti jẹ ní gìgísẹ̀ àti sójú rẹ̀. Ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín níbi tó nà sí, àfi bí ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

"Ẹ má gbẹ́sẹ̀ o, ẹ jọ̀ọ́!" ló kígbe. "Ìtòsí ẹsẹ̀ yín ló wà."

"Kí ló wà nítòsí ẹsẹ̀ mi? Eku ni?"

"Ọ̀kẹ́rẹ́ ni."

Kò tíì pa ẹnu dé tí obìnrin náà fi wà lórí àga.

"Ọ̀kẹ́rẹ́ oníke ni," ọkùnrin náà yára sọ. "Kò lè gé yín jẹ." Ó fa ọwọ́ yọ, eruku bò ó dé ìgúnpá. Ohun tó mú jáde jẹ́ ike roboto kan, aláwọ̀ ewé, tí kò tóbi ju èékánná àtàńpàkò lọ, àwòrán ọ̀kẹ́rẹ́ sì yọ lójú rẹ̀. Ó fẹnu fẹ́ ẹ, ó nù ún mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bí ẹni ń nu imú ọmọ.

"Ẹ dìde nílẹ̀ jàre," obìnrin náà sọ látorí àga. "Ẹni tó bá rí yín báyìí á ní àna yín ni mí."

Ìgbà yẹn ni ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbójú sókè. Ó rí obìnrin kan tó ti awò ojú rẹ̀ sórí, tó sì ṣì di gíláàsì tó ń lọ̀ lọ́wọ́ mú láàárín ìka méjì. Ó fò sórí àga, gíláàsì ò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò ní parọ́ fún yín: ọ̀kẹ́rẹ́ kúrò lọ́kàn ọkùnrin náà pátápátá. Ẹ ò tíì mọ irú ẹni tó jẹ́, ẹ ò lè mọ bí ìyẹn ṣe tó.

Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe. Ó máa ń lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù láti yẹ òṣùwọ̀n àwọn ọlọ́jà wò bóyá ó péye. Ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni ọmọ páálí. Kí òun àti onígíláàsì tó mọ ìwé kà rárá, ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan máa ń fi ike roboto kọ̀ọ̀kan sínú páálí bísíkíìtì, oríṣi ẹranko mẹ́rìnlélógún ni, ọmọ páálí ni wọ́n ń pè é. Ọmọ tí wọn ò bá ra bísíkíìtì yẹn fún, ẹkún ló kù. Ilé iṣẹ́ náà ti kógbá wọlé tipẹ́, ṣùgbọ́n nílùú yẹn, nǹkan bí ogójì àgbàlagbà ṣì ń wá ọmọ páálí kiri. Wọ́n ń pàdé ní gbọ̀ngàn ilé ìkàwé ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, wọ́n á ṣe pàṣípààrọ̀, wọ́n á jiyàn títí ọ̀fun á fi gbẹ. Ọkùnrin yìí ló kọ ìwé kékeré tí wọ́n fi ń mọ̀ wọ́n. Bó bá ti ní ayédèrú ni, ayédèrú ni. Adájọ́ ni wọ́n ń pè é.

Gíláàsì tó fi ń wo ohun kékeré ló yọ kúrò nínú férémù rẹ̀, òun ló gbé e wá síbẹ̀. Bí obìnrin náà ti ń tún un ṣe, ó bèèrè, kó ṣáà lè rí nǹkan sọ, "Báwo lẹ ṣe ń mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú?"

Ẹ má bi irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá gbé nǹkan kaná. Adájọ́ fa àga súnmọ́ ọn. Ó ní kó gbé e sí oòrùn, kó wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ó jẹ́ kó bọ́ sórí tábìlì, ó ní kó gbọ́ dídún rẹ̀. Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi nọ́ńbà hàn án, ó wá fi ohun ṣóńṣó kékeré kan hàn án láàárín.

"Ìdodo rẹ̀ nìyí. Ibẹ̀ ni ike gbígbóná gbà wọ inú mọ́ọ̀dù. Nígbà tí ilé iṣẹ́ kógbá wọlé, àwọn oníjìbìtì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tiwọn, ẹ̀yìn wọn a sì máa jọ̀lọ̀. Ohun tí kò ní ìdodo, ta ló bí i?"

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí awò tó wà lórí rẹ̀ fi já bọ́ sójú rẹ̀. Ó na gíláàsì tó ti tún ṣe sí i. Adájọ́ gbé e sójú, ó sì fi wo obìnrin náà gan-an.

"Kí lẹ rí?"

"Mi ò rí nọ́ńbà kankan. Ṣùgbọ́n ojúlówó ni."

"Ẹnu yín dùn. Ẹ máa lọ."

Ó lọ. Lọ́jọ́ kejì ó padà wá, ó ní férémù náà ń mì. Lọ́jọ́ kẹta ó ní ó ti le jù. Lọ́jọ́ kẹrin kò mú gíláàsì kankan wá, búrẹ́dì gbígbóná ló gbé lọ́wọ́, kò sì wá àwíjàre kankan. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, wọn ò pe ara wọn ní "ẹ" mọ́. Obìnrin náà ń pè é ní Adájọ́ mi, òun náà ń pè é ní Ojú mi, nítorí ojú obìnrin náà mú ju tirẹ̀ lọ fíìfíì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ló fi hàn án pé ìgbín pupa méjì tó kọ sínú ìwé rẹ̀ bí oríṣi kan náà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mọ́ọ̀dù wọn. Adájọ́ fò sókè, ó gbé e yí po lẹ́ẹ̀mejì nínú ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà kan tó wá yẹ ojú rẹ̀ wò sì ń pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Ohun kan ni obìnrin náà fi pa mọ́ fún un. Bàbá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ bísíkíìtì yẹn rí, ó sì ní agolo kan tí ọmọ páálí wà nínú rẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún ló pé. Ó fẹ́ kó yà á lẹ́nu ni. Bàbá náà kò mọ̀ ju pé àfẹ́sọ́nà ọmọ òun fẹ́ràn ọmọ páálí. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí bàbá náà ti gbé agolo yẹn sórí kọ́bọ́ọ̀dù tí kò sì ṣí i mọ́, ọmọ rẹ̀ sì rò pé ó ti sú u ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ mú Adájọ́ wá kí i, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó nu eruku rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún, ó ń retí àlejò.

"Wọ́n ní o mọ̀ wọ́n," ó sọ fún Adájọ́ lẹ́yìn ìkíni, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Ó yá, wo tèmi."

Adájọ́ mú ọ̀kan. Iṣẹ́ yẹn ti mọ́ ọwọ́ rẹ̀ lára, ọwọ́ náà kì í dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ ọpọlọ mọ́. Ó gbé gíláàsì sójú, ó yí ẹ̀yìn ike náà. Ó jọ̀lọ̀.

"Ayédèrú ni," ló wí, ó sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó mú èkejì. "Èyí náà."

Ìgbà tó mú ẹ̀kẹta ló ṣàkíyèsí pé ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu Bàbá. Ẹyin lọ̀rọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Méjì ti fọ́ sílẹ̀.

"Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi dúró nídìí ẹ̀rọ tó ń mọ wọ́n," Bàbá sọ, ohùn rẹ̀ rọra ń jáde. "Ọwọ́ mi yìí ni wọ́n ń bọ́ sí nígbà tí wọ́n ṣì gbóná." Ó dìde, ó wọ yàrá, ó mú ìwé kékeré kan jáde. "Ìwọ lo kọ ìwé yìí?"

Adájọ́ gbé gíláàsì kúrò lójú. "Èmi ni, sà."

"Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, mo gbé agolo mi lọ síbi ìpàdé yín. Mo rò pé inú wọn á dùn láti rí mi. Ọ̀kan nínú wọn ṣí ìwé rẹ, ó kà á sókè pé ẹ̀yìn tó bá ti jọ̀lọ̀, iṣẹ́ oníjìbìtì ni. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà. Ìyàwó mi ló fún mi ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ti kú nígbà yẹn, kò lè gbèjà ara rẹ̀. Ìwé rẹ sọ òkú di oníjìbìtì." Ó dé agolo náà. "Dìde, jáde nínú ilé mi. O ò ní fẹ́ ọmọ mi."

Ọjọ́ méjì kọjá kí Adájọ́ tó lè wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ojú obìnrin náà ti wú.

"Mo lè lọ bá Bàbá nísinsìnyí," Adájọ́ sọ, "kí n ní mo ṣì wọ́n wò ni, kí n ní ojúlówó ni wọ́n. Inú rẹ̀ á yọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí ni mo sọ, Ojú mi. Bí mo bá fi irọ́ gbé ẹ níyàwó, ìgbà wo ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òótọ́ fún ẹ?"

Inú bí obìnrin náà, ìfẹ́ rẹ̀ sí ọkùnrin náà sì tún le sí i lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn méjèèjì ń jà nínú rẹ̀.

"Ta ní kó o parọ́? Bàbá mi kì í parọ́. Ìwọ náà kì í parọ́, olórí kunkun. Ó ní láti jẹ́ pé ohun kan wà tí ẹ̀yin méjèèjì ò rí." Ó mú ike pupa kan jáde nínú àpò. "Mo bẹ Bàbá títí kó tó yá mi ní ẹyọ kan. Gíláàsì ọwọ́ rẹ yẹn kéré. Wá síbí."

Ó gbé ike náà sábẹ́ ẹ̀rọ tó fi ń yẹ ojú gíláàsì wò kó tó kó wọn fún oníbàárà. Ó tẹjú mọ́ ọn. Ó yí i díẹ̀, ó tún yí i.

"Adájọ́."

"Kí ló dé?"

"Èmi ni mo ń lọ gíláàsì látàárọ̀ dalẹ́. Ohun tó jọ̀lọ̀ látinú mọ́ọ̀dù àti ohun tí ọwọ́ èèyàn lọ̀ kó tó jọ̀lọ̀, wọn ò lè jọra lójú mi láé. Ọwọ́ ló lọ eléyìí. Àmì roboto kan ṣì wà lábẹ́ ibi tí wọ́n lọ̀. Ó ní ìdodo tẹ́lẹ̀! Wọ́n gé e ni!"

Adájọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Àmì náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó ṣókùnkùn díẹ̀, àwọn ìlà tín-ín-rín tó tẹ̀ kọrọdọ gba orí rẹ̀ kọjá. Ó dìde, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú ọ̀kẹ́rẹ́ aláwọ̀ ewé jáde. Ọdún mẹ́jọ ló fi wá ọ̀kẹ́rẹ́ yẹn, ẹyọ kan péré ló sì ní.

"Fún mi ní sáńpépà."

"Kí lo fẹ́ ṣe? Má ṣe é o!"

"Mo fẹ́ mọ̀."

Ó lọ ìdodo ọ̀kẹ́rẹ́ rẹ̀ dànù títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi jọ̀lọ̀. Wọ́n gbé méjèèjì sábẹ́ ẹ̀rọ, orí wọn ń kan ara wọn. Àmì roboto kan náà ni. Ohun kan ṣoṣo ló yàtọ̀: ìlà ti ọ̀kẹ́rẹ́ tẹ̀ sí apá kan, ìlà ti ike pupa tẹ̀ sí apá kejì.

"Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi lọ̀ ọ́," Adájọ́ sọ.

Onígíláàsì jókòó wọ̀ọ̀. "Ọlọ́wọ́ òsì ni ìyá mi," ló wí. "Yàrá tí wọ́n ti ń di bísíkíìtì sínú páálí ló sì ti ṣiṣẹ́."

Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan. Ṣé wọ́n rìn ni tàbí wọ́n sáré? Wọ́n sáré! Àgbà méjì tó ti tó bímọ, wọ́n ń sáré ní títì bí ọmọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ilé ìwé, àwọn èèyàn ń yà fún wọn. Bàbá fẹ́ ti ilẹ̀kùn nígbà tó rí ẹni tó wà lẹ́yìn ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ti fi ẹsẹ̀ há a.

"Bàbá, kí ni Màmá ń fi ọwọ́ ṣe gan-an ní yàrá ìdìpáálí yẹn?"

"Wọ́n ń di bísíkíìtì ni. Kí ló tún kù?" Wọ́n rí i pé ohun kan ń bọ̀ wá sí i lọ́kàn láti ọ̀nà jíjìn. "Ó dáa, lọ́dún àkọ́kọ́, àwọn ìyá ọmọ fi ẹjọ́ sùn pé ìdodo yẹn ń gún ọmọ wọn lẹ́nu. Ọ̀gá ní kí àwọn obìnrin yàrá yẹn máa lọ̀ ọ́ títí wọ́n fi máa tún mọ́ọ̀dù ṣe. Oṣù díẹ̀ péré ni. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, ìdodo náà kúrú, kò gún ẹnikẹ́ni mọ́. Mo gbọ́ nípa rẹ̀, mi ò rí i. Ìdí ẹ̀rọ ni mo wà, ariwo ibẹ̀ kì í jẹ́ ká mọ ohun tó ń lọ níbòmíràn."

"Bàbá," Adájọ́ sọ, "ó túmọ̀ sí pé láti ọdún àkọ́kọ́ ni wọ́n ti jáde. Àkọ́bí ni wọ́n. Kò sẹ́nikẹ́ni lára wa tó mọ̀ pé àkọ́bí wà."

Àmọ́ Bàbá ò gbọ́ ti àkọ́bí. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ìka ìyàwó mi máa ń rí ṣákiṣàki nígbà yẹn," ló wí. "Bó bá dì mí lọ́wọ́ mú, mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Á ní páálí ló fà á. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló máa ń ju ọ̀kan sápò mi, á sì sá lọ. Mi ò yí ẹ̀yìn wọn wò rí. Ta ló ń yí ẹ̀yìn ẹ̀bùn wò?" Omijé bọ́, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún. Ó wá yíjú sí Adájọ́, ojú rẹ̀ tún le. "Ohun tó o sọ lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ojú ọ̀pọ̀ èèyàn ni wàá ti kó o jẹ."

Ìyẹn ló ṣe di pé ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù, Adájọ́ dìde dúró níwájú ogójì èèyàn tó ń gbà á gbọ́ bí ẹní gba òṣùwọ̀n gbọ́, ó sì ní, "Mo ṣìnà. Ojú ìwé kọkànlá ìwé mi, irọ́ ló wà níbẹ̀."

Gbọ̀ngàn dà rú. Ọkùnrin kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ níbi ìpàdé, na ìka sí àga ẹ̀yìn níbi tí onígíláàsì àti bàbá rẹ̀ jókòó sí. "Ẹ wò ó! Àna rẹ̀ ló ń gbèjà! Adájọ́ ti ta ẹjọ́ nítorí obìnrin!"

"Kò tíì di àna mi," Adájọ́ dáhùn. "Ó lé mi jáde nílé rẹ̀ ni." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Kò bá wọn rẹ́rìn-ín. "Mo fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Ẹ lè lọ sọ ọ́ fún gbogbo ìlú. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní kí ẹ gbà mí gbọ́ lónìí. Ẹ wá fi ojú ara yín wò ó."

Onígíláàsì gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá síwájú, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́ra bí ọmọ. Ìyá àgbà kan, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ló kọ́kọ́ tẹjú mọ́ ọn.

"Ó wà níbẹ̀," ìyá náà sọ. Ó tún wò. Ó figbe bọnu. "Ẹ̀yin èèyàn, àmì wà níbẹ̀! Wọ́n lọ̀ ọ́ ni!"

Ẹ ò rí nǹkan! Wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń da àpò wọn sórí tábìlì, wọ́n ń wá àwọn tí wọ́n ti kà sí ayédèrú tẹ́lẹ̀. Àwọn tí oníjìbìtì ṣe kò ní àmì kankan lábẹ́ wọn, ó hàn kedere báyìí. Ṣùgbọ́n èèyàn méje rí àkọ́bí nínú ohun tí wọ́n kà sí pàǹtí, ẹni kan rántí pé òun ti da tòun sínú ààtàn, ó sì ká ọwọ́ lérí. Ọkùnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe náà gan-an tẹjú mọ́ ẹ̀rọ títí wọ́n fi fà á kúrò.

Láàárín ariwo yẹn, Adájọ́ fi bíírò fa igi gba ojú ìwé kọkànlá já, ó sì rìn lọ bá Bàbá. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Mo pe ẹ̀yin àti Màmá ní ohun tí ẹ kò jẹ́."

Bàbá wò ó.

"Ọmọ mi sọ fún mi," Bàbá wí, "pé o kọ̀ láti parọ́ fún mi nígbà tí irọ́ ì bá fi obìnrin tó o fẹ́ lé ẹ lọ́wọ́. Mo gbọ́ ọ, inú sì tún bí mi sí i. Ṣùgbọ́n mo rò ó. Bí ọmọ mi bá wà lọ́dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀, màá sùn wọra." Ó na ọwọ́, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ gírígírí.

Nígbà tí àwọn mẹ́ta jáde sí ìta, oòrùn ń tàn gan-an. Bàbá dúró nígbà tí wọ́n dé ìkóríta.

"Ọgbọ̀n ọdún lèmi àti ìyàwó mi jọ gbé," ló wí níkẹyìn, "kò sọ ọ́ fún mi rí. Èmi náà ò sì bèèrè ohun tó ṣe ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì, bí ẹ bá ṣe nǹkan fún ara yín, ẹ sọ ọ́ síta o. Ẹ má fi í pa mọ́."

Adájọ́ họ orí. "Ó dáa, mo ní ọ̀kan láti sọ. Mo ti lọ wo ilé oníyàrá méjì kan lánàá."

Onígíláàsì dúró gbagidi. "Láì tíì bi mí?"

"Mo ń bi ẹ́ báyìí. Ṣé wàá fẹ́ mi, Ojú mi?"

"Ilé ìdáná rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó há. Bí èèyàn méjì bá wọ ibẹ̀, wọ́n á máa fara kan ara wọn ni."

"Ìyẹn ò burú." Ó ti ń rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀. "Mo gbà, Adájọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbà, ìwọ lò ń yẹ̀ ẹ́ wò."

"Mo ṣì wà níbí o," Bàbá sọ. Ó ti kọjá síwájú wọn, ó ń gbẹ́sẹ̀ kíákíá. "Níbo nilé ọ̀hún wà? Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó kí ẹlòmíràn tó gbà á."

Onílé ṣí ilẹ̀kùn fún wọn. Bàbá ò wo yàrá, kò wo òrùlé. Ilé ìdáná ló wọ̀ tààrà, ó ti ọmọ rẹ̀ wọlé, ó ti Adájọ́ wọlé tẹ̀ lé e, ó padà sẹ́nu ọ̀nà, ó sì wo àwọn méjèèjì bí wọ́n ṣe dúró níbẹ̀, èjìká kan èjìká, tí wọn ò lè yíjú láìrí ara wọn.

"Ó gbà yín," ló sọ, ó sì lọ bá onílé sọ̀rọ̀.